Àmì Orí O

Ẹni tó bá sọ fún yín pé onísùúrù ni ìyá àgbà mi, kò mọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń wá kí wa: ìyá jẹ́ẹ́jẹ́, ìyá tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo máa ń dákẹ́, n ó ní ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé lọ́dọ̀ Màmá láti ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ pé Màmá jà. Wọ́n bá ọkọ wọn jà, wọ́n bá àbúrò wọn jà, wọ́n bá tíṣà jà, wọ́n bá lọ́yà jà. Bí a bá sì tú ìdí ọ̀pọ̀ nínú ìjà náà wò, lẹ́tà kan ṣoṣo la máa bá nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà náà ni O.

Àlímọ́tù Àwẹ̀ró ni orúkọ wọn. Télọ̀ ni wọ́n, níhìn-ín ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Àwọn oníbàárà ń gun ọ̀kadà wá láti Òkè-Ìlá àti Ire, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ti Ìgbájọ wá, nítorí aṣọ tí Màmá bá rán kì í tú lójú rírán. Wọ́n ga, wọ́n tínrín, téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn àfi tí wọ́n bá fẹ́ kírun. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Mo ti yí ọ̀rọ̀ wọn sí èyí tí gbogbo wa jọ ń kà, kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá má bàa sọnù. Ohùn wọn ni n kò lè yí.

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni "mi ò". Ẹlòmíì á ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná," tàbí, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó olówó kan bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbé léèsì dání, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Sátidé.

"Ẹ kó àwọn aṣọ ọmọdé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, Màmá. Mà á fi kún owó yín."

Màmá kò gbójú sókè. "Mi ò."

"Ẹ ò kí ni?"

"Mi ò ṣe é."

Obìnrin náà bẹ̀, ó bínú, ó ká léèsì rẹ̀, ó lọ. Mo bi Màmá léèrè ìdí tí wọn kò fi ṣàlàyé fún un pé nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé ni. Wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ gígùn ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Kúkúrú ni wọ́n fi ń kọ̀."

Màmá kò lọ sí ilé-ìwé ní kékeré. Bàbá wọn rán àbúrò wọn ọkùnrin, Ràímì, lọ sí ilé-kéwú àti ilé-ìwé, ó sì ní kí Màmá máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú ni Màmá máa ń dúró sí pẹ̀lú abọ́ títí wọn yóò fi jáde. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àmì kékeré tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà ló ń sọ bí ẹnu ṣe máa pè é. Lọ́jọ́ kan, Ràímì ka àmì ìsàlẹ̀ bí ẹni pé òkè ló wà. Ẹgba dún. Ó tún un kà, ó tún ṣì í, ẹgba tún dún. Màmá ti ẹnu ọ̀nà pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Àfáà yíjú padà. "Ta ló sọ ọ́?"

Nígbà tó rí i pé ọmọbìnrin tó gbé abọ́ dání ni, ó rẹ́rìn-ín. "Máa lọ sílé, ìwọ. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná."

Ràímì kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ràímì yìí náà ló padà di Alàájì, tó di olórí ẹbí wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá sọ ìtàn náà fún mi, bí wọ́n sì ṣe parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyí: "Ràímì ni wọ́n na ní ẹgba. Èmi ni ẹgba náà kọ́ níwèé."

Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó kọ́ ìwé Yorùbá. Ìjọba dá ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ ní ọ̀sán nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, Màmá sì ní àwọn yóò lọ. Bàbá àgbà mi, tí wọ́n wà láyé nígbà náà, mi orí.

"Kí lo fẹ́ fi ìwé ṣe lọ́jọ́ alẹ́? Ṣé o fẹ́ dupò gómìnà ni?"

"Orúkọ oníbàárà ni mo fẹ́ máa kọ mọ́ aṣọ," ni Màmá wí. "Bí mo bá sì tún lè ka ohun tí ẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin, kò burú."

Bàbá dé fìlà, wọ́n jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni tíṣà wọn. Ọjọ́ tó kọ O sójú pátákó, ó ní kí gbogbo kíláàsì pè é. Wọ́n pè é. Màmá nìkan ló nawọ́.

"Tíṣà, èwo nínú wọn lẹ kọ?"

"O náà ni, Mà."

"Mo rí i pé O ni. Bí mo bá ní 'o dé', ìwọ tó wà níwájú mi ni mò ń bá wí. Bí mo bá ní 'ó dé', ẹlòmíì ló wọlé. Bí mo bá ní 'ọkọ mi ò dé', oúnjẹ ti tutù nìyẹn. Bí mo bá dúró lẹ́nu géètì tí mo ké 'mo dé o', gbogbo ará ilé ni mò ń pè kí wọ́n wá gbẹ́rù lórí mi. Èwo lẹ kọ síbẹ̀?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní àmì ohùn kò tíì kàn, ó di oṣù tó ń bọ̀. Màmá kò gbà. Wọ́n ní kí ó fi àmì sí i báyìí, kí àwọn tó dà á kọ. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi fà á. Nígbẹ̀yìn, tíṣà kọ ọ́ ní mẹ́ta, ọ̀kan pẹ̀lú àmì òkè, ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, ọ̀kan láìlámì, ó sì kọ́ gbogbo wọn ní ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó ti darúgbó díẹ̀ báyìí. Ó wá síbi fídáù, òun ló sì rán mi létí gbólóhùn tí Màmá sọ fún un nígbà tí wọ́n ń jáde: "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ ni. Ẹni tó bá dé lè pè é ní ohun tó bá wù ú."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ìwé tó wọlé wa tí kò gba abẹ́ bírò Màmá kọjá. Káàdì ìgbéyàwó ni o, ìwé ìkéde mọ́ṣáláṣí ni o, wọn yóò fi àmì sí i kí wọ́n tó kà á. Àwọn kan ní ó ti di àrùn sí wọn lára. Pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé-pátákó kan kọ ọ́ pé àwọn ń rán aṣọ ọkọ àti ìyàwó. Ọkùnrin náà kọ ọ́ ní lẹ́tà gàgàrà, ó sì fi àwòrán òdòdó tó lẹ́wà sí i, àmọ́ kò fi àmì ìsàlẹ̀ sí O méjèèjì tó wà nínú ọkọ. Ẹ̀yin náà ẹ pè é láìsí àmì yẹn. Kò tó wákàtí kan, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ti kó jọ síwájú ilé wa, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn.

Akọ̀wé-pátákó ní, "Ẹ má dà wọ́n lóhùn, Màmá. Ẹni tó bá mọ̀wé á mọ ohun tí a ní lọ́kàn."

Màmá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gun àpótí, wọ́n fi ọ̀dà sí i nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orí àpótí náà ni wọ́n wà tí wọ́n fi dá a lóhùn: "Ẹni tó mọ̀wé kò nílò pátákó. Nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni mo ṣe kọ ọ́."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ohun tó kù kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ kan wà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́nà Òkè-Ìlá. Igi obì wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin nínú ẹbí, Màmá àti opó mẹ́ta, ló ń gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ibẹ̀ sì ni àwọn opó náà ti ń jẹun. Ní bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, oníṣòwò kan fẹ́ rà á kí ó fi kọ́ ilé epo. Alàájì Ràímì pe ìpàdé ẹbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo pín omi. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n nawọ́, àwọn tó ní kí wọ́n má tà á ló pọ̀ jù. Inú Alàájì kò dùn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Alàájì, Músílíù, ni akọ̀wé ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí lè ti ṣàkíyèsí pé "ó" ni mò ń pe Alàájì. "Ó" náà ni n ó sì máa pe Músílíù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ìyá àgbà mi àti bàbá rẹ̀. Ó yẹ kí n máa ní "wọ́n". Lójúkojú, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yìí, mi ò ṣe é.

Músílíù fi bírò kọ gbólóhùn kan sórí ìwé: *A o ta ile ona Oke-Ila.* Kò fi àmì kankan sí i. Àwọn méjìlá fọwọ́ sí i, Màmá wà lára wọn. Gbogbo ènìyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹbí fẹnu kò sí, kò sẹ́ni tó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Awò ojú Màmá wà nílé lọ́jọ́ náà. Títí wọ́n fi kú, wọn kò yé bínú sí ara wọn nítorí awò yẹn.

Ẹ ka gbólóhùn náà sókè fúnra yín. "A ò ta": ilẹ̀ dúró. "A ó ta": ilẹ̀ lọ.

Kò tó oṣù mẹ́ta, ọ̀kan nínú àwọn opó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní àwọn kan wà lóko, wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́. Màmá gun ọ̀kadà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, èmi náà gun òmíràn tẹ̀ lé wọn. Géńdé kan tó ń wọn ilẹ̀ ló kọ́kọ́ rí wa.

"Ìyá, kí lo fẹ́ níbí?"

Màmá dúró. "Kí lo wí?"

"Mo ní kí lo fẹ́?"

"Ṣé bí o ṣe ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn? O tí o fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ wí, má gbé e wá síwájú mi. Gbé e kúrò, kí o tún un sọ."

Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹ kó òpó yín kúrò nínú ẹ̀gẹ́ mi."

Wọn kò kó o, ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì pe ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alàájì tún kún. Oníṣòwò kò wá, lọ́yà rẹ̀ ló wá. Lọ́yà yọ ìwé ìpàdé jáde nínú báàgì, ó ní kí akọ̀wé ẹbí kà á. Músílíù dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"A ó ta ilẹ̀ ọ̀nà Òkè-Ìlá."

Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn opó káwọ́ lérí. Lọ́yà na ọwọ́ sókè, ó ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i, kí wọ́n wá wo ọwọ́ wọn. Mo wo Alàájì. Ó ń ka tẹ̀sùbáà, ojú rẹ̀ wà lórí ẹní. Ó mọ ohun tí ìpàdé sọ. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́.

Màmá dìde. "Ẹ gbé e wá kí n wo ọwọ́ mi."

Lọ́yà gbé ìwé fún wọn. Màmá ti gbé awò wá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fi í sójú, wọ́n ka ìwé náà jẹ́ẹ́. Wọ́n rìn lọ bá Músílíù, wọ́n yọ bírò nínú àpò rẹ̀, wọ́n tẹ́ ìwé sórí fèrèsé, wọ́n sì fa àmì kan sórí O, láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọ́n rọra fà á, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹfun sàmì sára aṣọ kí wọ́n tó gé e.

Lọ́yà fò dìde. "Màmá! Ìwé òfin lẹ bàjẹ́ yẹn!"

Màmá fún un ní ìwé rẹ̀. "Mi ò bà á jẹ́. Mo parí rẹ̀ ni."

Lọ́yà fẹjọ́ Màmá sùn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ títí di ìrun àláásàrì. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọn yóò tì wọ́n mọ́lé. Ọ̀gá tó pè wá wọlé kò ṣe ìkanra. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn yí ohun tó wà nínú ìwé padà?"

"Mo mọ̀. Ẹni tó yí i náà wà nílé. Ẹ lọ mú un."

Ó ní kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá kọ ojú ewé mẹ́rin, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Ọ̀gá náà kà á látòkè délẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ẹbí lọ jókòó.

Ẹbí kò fẹ́ jókòó. Màmá bá dìde. Wọ́n lọ bá àwọn mọ́kànlá tó kù tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, láti ilé dé ilé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi wọ́n: "Lọ́jọ́ náà, kí ni ẹbí sọ?" Ẹni tó bá dáhùn, Màmá á gbé ìwé tuntun fún un, á ní kó kọ "A ò ta", kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àmì. Ẹni tí kò mọ̀wé, Màmá á bá a kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n àmì náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fà á. Mo rí ìyá arúgbó kan tí kò di bírò mú rí láyé rẹ̀. Ó fa àmì náà pẹ̀lú agbára débi pé ìwé ya. Àwọn mẹ́jọ ló gbà. Àwọn méjì fara pamọ́ fún wa, a ń gbọ́ ikọ́ wọn nínú yàrá.

Ilé Alàájì la lọ gbẹ̀yìn.

"Ràímì, kí ni ẹbí sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sinmi."

"Kò tíì rẹ̀ ẹ́," ni Màmá wí.

Bó ṣe parí nìyí. Nígbà tí oníṣòwò rí ìwé àwọn mẹ́jọ, ó ní òun kò fẹ́ ilẹ̀ tó ní ìjà nínú. Ṣùgbọ́n apá iwájú tó kan títì ti bọ́ sí i lọ́wọ́, Alàájì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìyẹn, kò sì sí bí a ṣe ṣe é tó padà. Ilé epo wà níbẹ̀ dòní. Apá ẹ̀yìn, tó tóbi jù, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa ní Màmá ṣẹ́gun pátápátá. Wọ́n gba ohun tí ọwọ́ wọn tó, wọ́n sì bínú lórí èyí tó kù títí dópin.

Wọn kò bá Músílíù jẹun mọ́. Bó bá kí wọn, wọn yóò dá a lóhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí wọ́n bi í, ní ọjọ́ Iléyá kan, tó wá gbé ẹran fún wa.

"Músílíù, lọ́jọ́ yẹn, ṣé o gbàgbé ni, àbí o mọ̀ọ́mọ̀?"

Ó họ orí. "Màmá, ọwọ́ mi ló yá jù."

"Ọkàn ni mo bi ọ́ léèrè, o ń fi ọwọ́ dá mi lóhùn." Wọ́n ní kí ó gbé ẹran rẹ̀ padà.

Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn. Òwúrọ̀ ni, wọ́n ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo. Ilé-ìwòsàn ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n dá wa padà sílé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá ní, ohùn kan ṣoṣo ló kù sí wọn lẹ́nu. O ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a rò pé ìrora ló ń mú wọn ké bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbé ògì wá, mo bi wọ́n bóyá wọn yóò mu. Wọ́n gbé ohùn sókè: "Óo." Bí àgbà ṣe ń dáhùn nígbà tí a bá kí i. Wọ́n mu ún. Mo gbé oògùn wá, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Ò." Wọ́n pa ẹnu dé. Mo tún un ṣe, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣé kí n ṣí fèrèsé? "Óo." Ṣé kí n pe Alàájì? "Ò." Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, gbogbo ilé ti gbọ́ èdè náà. Ìyá mi ti Òṣogbo wá, òun náà gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó tì wọ́n, wọn yóò wò mí, wọn yóò pe ohùn àárín, kò sókè, kò sílẹ̀: "O." Ìwọ. Èmi ni wọ́n ń pè. Mo sunkún lórí ìyẹn, kì í ṣe ìbànújẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Alàájì mú Músílíù wá. Obìnrin ilé méjì wà nínú yàrá, èmi náà wà níbẹ̀. Músílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Alàájì ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín wá tọrọ àforíjì. Ayé ń lọ. Ẹ dárí jì í."

Màmá wo Músílíù fún ìgbà pípẹ́. Músílíù la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Màmá dáhùn.

"Ò."

Ó mọ́, ó gùn, ó lọ sílẹ̀ bí òkúta tó bọ́ sí kànga. Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá náà tí kò gbọ́ ọ.

"Àlùhámúdùlílàhì!" ni Alàájì ké. "Wọ́n ti gbà! Wọ́n ti dárí jì í!" Àwọn obìnrin méjèèjì ní àmín. Màmá yíjú sí mi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́, mo mọ èdè náà ju gbogbo wọn lọ. Mo na aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò rún.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n kú. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ kan náà, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Níbi fídáù, Àfáà sọ fún gbogbo ayé pé ìyá yìí dárí ji gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ. Àwọn ènìyàn sunkún. Mo tún dákẹ́.

Ní ogójì ọjọ́, n kò lè gbé e mì mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alàájì, mo ní, "Bàbá, Màmá kò dárí ji Bọ̀dá Músílíù. 'Ò' ni wọ́n wí. Ẹ gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ."

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Àṣàkẹ́, ṣé o fẹ́ kí òkú máa bínú ni?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ ni, Bàbá."

"Ìwọ nìkan lo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Dìde."

Mo dìde. Lọ́jọ́ kejì, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń to aṣọ àwọn oníbàárà tí a ó dá padà fún wọn, nígbà tí Músílíù wọlé. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo kúnlẹ̀ kí i, n kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá mi sọ ohun tí o wí fún mi," ni ó wí. "Kì í ṣe ìwọ nìkan ló gbọ́ ọ. Orí mi ló wà ní ìdí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo gbọ́ ọ."

"Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ náà ń kọ́?"

Ọ̀kadà kan kọjá níta.

"Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, n kò rí i sọ. Bàbá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, Àṣàkẹ́. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé mi ò ní fi àmì sí i kí ìpàdé tó tú ká. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Mo wò ó. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo rò pé inú mi yóò dùn lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, tàbí pé n ó lù ú. Ọ̀kankan kò ṣẹlẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí n ṣe kí ni sí i? Èmi ò lè dárí jì yín fún wọn."

"Mi ò bẹ̀ ọ́ fún ìyẹn. Wọ́n ní o ń kọ nǹkan nípa wọn."

"Mò ń kọ ọ́."

"Àwọn ará ilé yóò ní kí o kọ ọ́ pé wọ́n dárí jì mí." Ó ti di ẹnu ọ̀nà mú, ó ń wo títì. "Má gbọ́ tiwọn. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é."